Ẹran Tó Pupa Láàárín

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ara, báwo ni yàrá tí o ní òjò ń jò sí? Mo gbàgbọ́ pé onílé ti bá ọ tún un ṣe, bí kò bá sì tíì tún un ṣe, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òrùlé náà já lé ọ lórí kí o tó ka ìwé yìí tán. Àwa náà wà. N kò sọ pé àlàáfíà la wà o, nítorí pé orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo jókòó sí, orúnkún mi ni mo fi ṣe tábìlì, ìdí nìyí tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi fi ń gun òkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀.

Má fò sókè. Jókòó ná. Wolé-wolé ni ara rẹ̀ kò yá, ọmọ àbúrò rẹ obìnrin, tí a sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé yàrá gbogbo ló ń yọjú sí, ó ń ṣí ìkòkò wò, ó ń bi àgbà pé kí ló dé tí wọn kò tíì gbálẹ̀. Láti ìjẹta ọmọ náà kò tọ̀. Ẹ̀kán kan kò jáde. Ohun tí gbogbo wa ń dúró dè níbí nìyẹn, èmi, ìyá rẹ, àbúrò rẹ, àti àwọn dókítà tó kàwé títí ojú fi ń ro wọ́n: ìtọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ó yẹ kí n pè ọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí n pa fóònù, mo pa á, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án padà. Wolé-wolé ló máa ń bá mi tàn án.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ìlọran tí o fi ránṣẹ́. N kò bá ọ wí o. Ẹ̀rọ náà dára, ó ń dán, ìyá rẹ sì ti fi han gbogbo aládùúgbò, títí kan àwọn tí a kò jọ ń kíra. Mo ra ẹran màlúù lọ́wọ́ alápatà, a lọ̀ ọ́, a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ìyá rẹ gbé e kaná. O mọ ìyá rẹ: ẹran tí kò bá tíì dúdú bí ìdí ìkòkò kò tíì jinná lójú tirẹ̀. Èmi ni mo dá a dúró. Mo gbé páálí ẹ̀rọ náà, mo fi fọ́tò ara rẹ̀ hàn án, níbi tí obìnrin kan ti gé ẹran náà sí méjì tó ń rẹ́rìn-ín, tí àárín ẹran pupa bí òdòdó. Mo ní bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ṣe fẹ́ ká máa jẹ ẹ́ nìyí, pé fọ́tò kì í ṣàdédé wà lára páálí, pé ìlànà ni. Ìyá rẹ ní ta ló sọ fún yín pé obìnrin yìí jẹ ẹ́, ṣé ẹ kò rí i pé ètè rẹ̀ mọ́ tónítóní ni? Mo ní àìlajú ló ń dà á láàmú. Mo jẹ mẹ́ta. Wolé-wolé yọjú bí ìṣe rẹ̀, èyí tó pupa jù lọ ni mo sì fún un, nítorí pé ààyò mi ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ náà sì di ẹ̀jẹ̀. Mo sáré lọ bá olóògùn, ó ta oògùn tí ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró fún mi. Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà, ọmọdébìnrin kan tó kéré sí ọ, gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ní ṣé ẹ fẹ́ ti olè mọ́ inú ilé ni? Mo ní ó dáa, ẹ fún un ní kápúsù tí ń pa kòkòrò. Ó tún kọ̀, ó ní irú kòkòrò yìí, bí oògùn bá lù ú, ó lè tú gbogbo oró inú rẹ̀ dà sílẹ̀ kó tó kú. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì rí ọsibítù tó ń fi oògùn du aláìsàn. Omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Mo sọ fún àbúrò rẹ pé omi wà nílé.

Ìgbẹ́ náà dáwọ́ dúró. A dúpẹ́, ìyá rẹ ti ń di ẹrù. Àṣé ìgbà náà ni ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ara ọmọ ti ṣá bí ewé tí kò rí oòrùn, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìtọ̀ sì dúró. Dókítà pè wá sí yàrá kan tí àga rẹ̀ kò tó wa, ó dárúkọ àìsàn kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ọmọ tó ń ṣe lọ. Ó ní inú ìfun ni kòkòrò náà jókòó sí, oró rẹ̀ ló bá ẹ̀jẹ̀ lọ, ó ba àwọn iṣan tín-ín-rín inú kíndìnrín jẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá ń ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí aṣọ ẹni tó gba inú ẹ̀gún. Oró Ṣígà ló pè é, ó ní orúkọ ọ̀mọ̀wé tó kọ́kọ́ rí ìbátan kòkòrò náà ni. Háà! Wọ́n forúkọ ènìyàn pe oró, ẹbí rẹ̀ kò sì pẹjọ́?

Mo ní màlúù náà ńkọ́, ṣé òun náà ṣàìsàn? Ó ní rárá o, màlúù tó gbé e kì í mọ̀ pé òun gbé e, níbi tí wọ́n bá ti ń kun ún ni ìgbẹ́ rẹ̀ ti lè kan ẹran. Mo ní èmi ńkọ́, tí mo jẹ mẹ́ta? Ó ní ó lè mú àgbà, ṣùgbọ́n ọmọdé ló máa ń gbé ṣubú jù. Ó wá tún béèrè ohun tí ọmọ jẹ, nítorí pé oúnjẹ ilé lásán la ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ìdáhùn síbẹ̀. Mo ní èmi ni mo fún un. Mo ṣàlàyé fọ́tò. Dókítà kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní bí ẹran bá wà lódindi, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni kòkòrò máa ń wà, iná á sì bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọran ń kó ohun tó wà lẹ́yìn wọ àárín, nítorí náà àárín gan-an ló gbọ́dọ̀ jinná. Àbúrò rẹ dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bó bá bú mi ni, ì bá sàn.

Wọ́n ní ẹ̀rọ ni àwọn yóò fi máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí kíndìnrín yóò fi jí. Mo jáde lọ ra ọṣẹ, èyí tí kì í ta ọmọdé lójú, mo gbé e fún nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin kan tó ń rìn bí ẹni tó kọ́ ọsibítù náà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sídìí omi ẹ̀rọ, ó ní Bàbá, ọṣẹ yín máa wúlò, ẹ fi fọ ọwọ́ yín, ọwọ́ ni kòkòrò yìí máa ń bá rìn. Mo ń fọwọ́ láti ìgbà náà, awọ rẹ̀ ti ń bó. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ń jáde gba ọ̀nà kan, ó ń wọlé gba òmíràn, n kò sì rí i kó hó rárá.

Dúró ná. Wọ́n ń pè mí.

Mo ti padà dé. Ó tọ̀! Kò ju kó rin ìdí ife lọ, ó sì dúdú bí omi tíì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà gbé e kọjá níwájú wa bí ẹni gbé adé, dókítà sáré wá, ó wò ó, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìtọ̀. Ìyá rẹ jó. Láyé mi n kò rí ibi tí wọ́n ti ń jó nítorí ìtọ̀ rí. Èmi náà jó díẹ̀. Dókítà ní ká má tíì yọ̀ jù, wọ́n ṣì ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà, bó bá tilẹ̀ lọ sílé a óò máa gbé e padà wá kí wọ́n máa ṣọ́ kíndìnrín náà.

Wolé-wolé lajú, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn, ó ní Bàbá, ṣé ẹ ti fọwọ́? Mo na ọwọ́ mi sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní kí n gbé fóònù wá, ó sì tàn án, nọ́ọ̀sì àgbà ṣe bí ẹni pé òun ń wo fèrèsé. Nítorí náà ìpè mi lè ti kàn ọ́ kí ìwé yìí tó dé. Ṣùgbọ́n kà á, torí pé lórí fóònù ẹnu mi kò ní lè sọ ọ́ pé èmi ni mo dá ìyá rẹ dúró nídìí iná.

Bá mi wá owó ọkọ̀ ọsibítù, àti owó èédú, èédú púpọ̀, ìyá rẹ ti búra lórí ọ̀rọ̀ ẹran. Ẹ̀rọ rẹ kò ní padà; ó ní ẹ̀rọ kọ́ ló gbé ẹran kúrò lórí iná. Kí o sì yà ní ṣọ́ọ̀bù tí o ti rà á, kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ní kí wọ́n tún fọ́tò náà yà, kí obìnrin yẹn dúró kí ẹran rẹ̀ jinná kó tó rẹ́rìn-ín.

Omi tí o bá mu kò ní há sí ọ lára. Ohun tí kò tọ́ tó bá wọlé, yóò rọ́nà jáde. Ìfẹ́ kò ní mú ọ bọ́ ọmọ rẹ ní oró. Ojúmọ́ tó bá mọ́, wàá tọ̀, wàá sì tọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Má rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ṣe àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó fọwọ́ kó tó lẹ ìwé yìí pa.