Ìdáhùn tí Mo Fún Wọn Lórí Fóònù

Ìyá Déolú,

Mo kí ọ láti Laurel, ní Amẹ́ríkà níbí. Òtútù ti ń lọ, mo sì ń jẹun dáadáa.

Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìwé, òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìjọba ní owó iṣẹ́ mi ti kọjá iye tí òfin gbà fún irú èmi tó ń gba owó aláàbọ̀ ara nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí, wọ́n sì fẹ́ dá owó náà dúró. Mo kọ̀wé ta kò wọ́n. Mo ní Ìtẹ́olúwa, ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló ń bá mi gbé gbogbo páálí, pé àánú ló ń mú kí ọ̀gá san owó tó ju iṣẹ́ mi lọ fún mi.

Òṣìṣẹ́ wọn kan wá pè mí. Ó béèrè bí ẹ̀yìn mi ṣe rí. Mo ní ó ti ń sàn, a dúpẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Ìtẹ́olúwa, ó pariwo. "Dádì, ta ló ní kẹ́ ẹ jẹ́rìí? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò fi ẹnu ara mi sọ fún adájọ́ tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó náà pé ara mi kò yá. Mo ń fi kọ́ra níwájú dígí. Kò tíì jáde lẹ́nu mi.

Lọ́dún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ, o sọ fún mi lórí fóònù pé, "A dúpẹ́." Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ torí n kò fẹ́ wálé. Ẹ̀bi mi ni.

Bá mi kí Déolú àti àwọn ará ilé. Bí wọ́n bá béèrè mi, sọ pé a dúpẹ́.

Bàbá Déolú