Orin Orílẹ̀-Èdè Kọ́ Ló Gbé Mi Ṣubú

Àlàájà mi, Ìyá Ràmóta, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìbínú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàmọ́rù ọmọ mi ní n kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́ kí ìbàdí mi má baà yẹ̀. Ẹ bá mi kí baálé wa. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, pàápàá èyí tó gbé fóònù rẹ̀ wá sí iwájú yín tó fi fídíò mi hàn yín. Ọlọ́run yóò san án fún un. N kò sọ bí yóò ṣe san án.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá níbí, kí gbogbo ènìyàn kà á. Ẹ má bínú. Fídíò tí gbogbo ayé ti wò, èsì rẹ̀ kò yẹ kó wà nínú àpòòwé. Ẹni tó ti rí mi nílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ bí mo ṣe débẹ̀.

Ohun tí ẹ rí nìyí: bàbá arúgbó kan nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Lugbe, fìlà rẹ̀ ti jábọ́, ó nà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, àwọn ènìyàn ń pariwo lé e lórí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbá dákú síbi tó ti ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ẹ sunkún. Ẹ pe Kàmọ́rù. Ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò láì bi mí léèrè, pé kó gbé mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n wá máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, kí ẹ máa fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Àlàájà, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣé ẹ tún fẹ́ pọ̀n mí ni? Ẹ̀yìn yín kò lè gbà mí mọ́. Kí n tètè sọ ọ́ kó yé wa: n kò bọ̀.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé sí Àbújá, ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti sọ gbogbo irun tó dúdú di funfun, nítorí náà èmi àti àwọn ọmọdé ti di ẹgbẹ́. Mo ṣì ń lọ sí ọjà àga ní Kugbo láràárọ̀ láti wọ aṣọ fún àga, bí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Fóòmù àga ti gbówó lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń pààrọ̀ aṣọ àga wọn lọ́dọọdún ti ń jókòó lórí èyí tó ti ya, wọ́n á tẹ́ aṣọ ìnura lé e. Kàmọ́rù ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀ pé mo ní òmíràn. Bó bá ka lẹ́tà yìí, ó ti mọ̀ báyìí.

Ilé ni kò dára. Láti ìgbà tí ìyá Kàmọ́rù ti fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run, yàrá mi dákẹ́ débi pé èmi fúnra mi ni mo máa ń kí ara mi káàbọ̀. Àwọn ọmọ Kàmọ́rù gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo lè bú wọn ní Yorùbá títí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi bẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ wo bọ́ọ̀lù láàárín èrò. Kì í ṣe pé n kò ní tẹlifíṣọ̀n. Orin orílẹ̀-èdè tí ènìyàn bá dá nìkan gbọ́ lórí àga ara rẹ̀, ariwo lásán ni.

Ẹ rántí Ṣúkúdì, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìgbò tó ń ta pákó àti ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ni ẹ fi ikùn ńlá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ẹ wá kí mi, tó rò pé àdúrà ni ẹ ń ṣe, tó ń ṣe àmín. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí èmi àti òun jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwòran. Bí àwọn ọmọ wa, agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, òun ló ń kọ́kọ́ fò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn mọ́kànlá bá tò, tí wọ́n fọwọ́ sáyà, tí orin bẹ̀rẹ̀, èmi á dìde, Ṣúkúdì á jókòó pa, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ìṣó tó ń tà ni wọ́n fi kan ìdí rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó ní orílẹ̀-èdè yìí mú ẹ̀gbọ́n òun lọ nígbà ogun, kò dá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pàápàá padà, nítorí náà òun ti gbàgbé orin wọn, àtijọ́ àti tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mi ò bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, á rò pé mo ń káàánú òun.

Nígbà tí ìjọba wá dá orin ìgbà èwe wa padà, Àlàájà, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo kà mọ. Nínú gbogbo èdè òyìnbó, orin yẹn nìkan ni mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pàṣán ni tíṣà fi kọ́ wa. Àwọn tó ní dìgírì wá ń la ẹnu bí ẹja nínú omi, èmi oníṣẹ́ àga ń kọ ọ́ já. Mo di tíṣà wọn. Mo ní kí wọ́n máa pè mí ní sà.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ilé ìwòran náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá, ẹ jókòó, ẹ ń dí wa lójú, kí ni ìjọba ṣe fún yín tí ẹ fi ń dìde? Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo ní ṣé ìjọba ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà ni? Láti àárọ̀ dalẹ́ la fi ń bú orílẹ̀-èdè yìí, èmi gan-an sì mọ èébú tí bàbá wọn kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí orin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, Haúsá tó ń po tíì lẹ́nu ọ̀nà á gbé kẹ́tùrù rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Tífì tó ń jiyàn láti àná á pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọmọ ibo ni ọ́. Irun apá mi á ti dìde kí èmi fúnra mi tó dìde, n kò sì mọ ẹni tó pàṣẹ fún un. Ohun tó bá lè pa ariwo Àbújá fún ìṣẹ́jú kan, ó tó ohun tí mo lè dìde fún. Ẹni tí mo bá dí lójú, kó na ọrùn.

Kí ẹ tó lè lóye fídíò yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ òfin bẹ́ǹṣì wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí ní ìpẹ̀kun, àárín ló wà. Bí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kan bá dìde lójijì, ìpẹ̀kun kejì á balẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dìde á kọ́kọ́ sọ fún ẹnì kejì pé mo ń dìde o, kí tọ̀hún lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa. Bí góòlù bá wọlé, gbogbo wa la jọ ń fò, kò sí wàhálà. Nígbà orin, èmi nìkan ni mo máa ń kìlọ̀.

Ní ọjọ́ náà, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, mo kìlọ̀, mo dìde. A kò tíì kọ ọ́ dé àárín tí wọ́n mú iná lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Mo ní orin kì í ṣe ti iná, mo ń bá a lọ. Àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, àfi bí wọ́n ṣe mú orin tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tì bọnu, èyí tí wọ́n kọ́ nílé ìwé tiwọn. Orin méjì wá ń jà nínú ilé kan. Wọ́n gba orin mọ́ mi lẹ́nu, mo sì sọnù. Mo wá ọ̀rọ̀ tó kàn, n kò rí i. Èmi sà! Wọ́n pariwo, wọ́n ní kai, Bàbá ti fèèlì! Ẹnì kan ní kí wọ́n dá mi padà sí ìwé kìíní. Ojú tì mí, Àlàájà. Mo jókòó.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn kan láti ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì. Ohùn kékeré, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣúkúdì mú orin náà níbi tí mo fi í sí gan-an. Ó mú èyí tó tẹ̀ lé e. Orin tí Ṣúkúdì ti ń purọ́ fún mi láti ọdún mẹ́tàdínlógún pé òun ti gbàgbé, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó ń kọ èkejì dákẹ́. Òun nìkan ló kù, ó di ojú rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó dìde. Kò kìlọ̀! Gbogbo ikùn tí ẹ ṣàdúrà fún yẹn kúrò lórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ǹṣì sì dà mí sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan gbé fóònù sókè. Ẹ tún un wò, kí ẹ wo ètè mi dáadáa. Mi ò dákú. Mo ń bá a parí orin náà ni, ẹ̀rín ló là mí lẹ́nu. Nígbà tí iná fi dé, wọ́n ti gbá góòlù kan wọlé wa, kò sì sẹ́ni tó bínú.

N kò ní tàn yín. Ìbàdí mi wú, ọ̀pá ni mo fi rìn fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n yàwòrán egungun mi ní ọsibítù, wọ́n ní kò sí èyí tó ṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Ṣúkúdì wá kí mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ òun ní orin náà, lórí kẹ̀kẹ́, lọ́nà ilé ìwé. Ó ní òun kò dìde fún orílẹ̀-èdè kankan o, ẹ̀gbọ́n òun lòun dìde fún. Mo ní ẹni yòówù kó dìde fún, kó máa kìlọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Mo wá sọ fún un pé ẹ fẹ́ mú mi lọ sílé. Kò ní kí n má lọ. Ó kàn béèrè pé ta ni yóò wá máa jókòó sí ìpẹ̀kun kejì.

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí yín, Àlàájà. Bí ẹ bá rí èsì rẹ̀, ẹ sọ fún mi, n óò di ẹrù mi. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé Kàmọ́rù, òun á tẹ fóònù.

Sátidé tí ẹ dá fún mi yẹn, ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ wa tún ń gbá bọ́ọ̀lù. N óò wá kí yín nígbà Iléyá, n óò jẹ ẹran yín, n óò sì padà. Ní agogo mẹ́rin Sátidé, ẹ ní kí ìyàwó onífóònù yẹn tan tẹlifíṣọ̀n fún yín. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde. Bí orúnkún yín bá kọ̀, ẹ jókòó, ẹ kàn fọwọ́ sáyà, kí ẹ sì mọ̀ pé ní Lugbe, ọkùnrin arúgbó méjì wà lórí ìdúró.

Kí Ọlọ́run fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín, kó fi okun sí orúnkún yín, kó má jẹ́ kí a fi ojú wá ara wa tì. Ẹ kí Ràmóta, ẹ kí tilé tòde, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá yín sunkún fún mi, kí wọ́n nu ojú wọn nù.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ pọ̀n tí kò gbọ́ràn,
Ràṣídì, oníṣẹ́ àga ní Kugbo.