Má Tíì Ya Ojú Ìwé Kejìdínlógójì

Ọmọ mi àtàtà, ìwọ tó kọ́kọ́ pè mí ní bàbá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ò ń sùn bó ṣe yẹ, ṣé òrùlé ilé tó o háyà yẹn ò tún ti máa jò? Bí o bá béèrè àwa náà, a wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ tó o ti kúrò nílé kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàrin ọ̀nà. Ọwọ́ tó o fi ń ya àwòrán kò ní ro ọ́, ojú tó o fi ń wò ó kò ní ṣú. Àmín. Ẹ̀fọ́rí tó máa ń ṣe mí ti lọ, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìkan ló kù tí ara rẹ̀ ò tíì yá.

Ohun tó mú mi gbé bírò lónìí kò ju ọ̀rọ̀ ìtàn alàwòrán tí ò ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ fi hàn wá lórí fóònù rẹ̀ tó fẹ̀ bí àwo. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà mi ti ń kó ara wọn jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mọ́ńdè, Ọjọ́rú àti Fráìdè tó o ní wàá máa gbé ojú ìwé tuntun jáde, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń gẹrun lọ́wọ́ á mi orí, onígbàjámọ̀ á gé ibi tí kò yẹ kó gé. Wọ́n tún sọ fún mi pé o ní ọmọlẹ́yìn ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọmọ mi, yàrá kan péré ni mo mọ̀ ọ́ mọ́. Níbo ni gbogbo wọn ń sùn? Má jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ́ run o.

Ìtàn náà dùn mọ́ mi gan-an. Télọ̀ tó o yà sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ó-Ku-Bọ́tìnì, òpùrọ́ pọ́ńbélé ni. Kí èèyàn gba aṣọ ìgbéyàwó lọ́wọ́ oníbàárà, kí ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó náà ti máa lọ sílé ìwé, kí ó ṣì máa sọ pé ó ku bọ́tìnì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún wọn pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Gbogbo wọn wo ara wọn lójú, ni wọ́n bá tún bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i pé o fún un ní máṣíìnì tí wọ́n fi wáyà so ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi tèmi, o tún dé irú fìlà mi sí i lórí, mo sì gbà pé àwọn tó o mọ̀ ọ́n yà nìyẹn. Mi ò bínú rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ya máṣíìnì, ó yẹ kó ti rí ọ̀kan rí.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Mọ́ńdè kan fi dé tí kò sí nǹkan. Ọjọ́rú dé, kò sí. Nígbà tó di Fráìdè, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́, pé o fẹ́ yí ètò padà, kí àwọn èèyàn wá dìbò: ṣé kó máa jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, àbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àbí ìgbàkígbà tó bá ti ṣetán. Ọ̀rọ̀ ìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lójú tèmi. Mo wẹ̀, mo wọ kóòtù, mo mú káàdì ìdìbò mi dání, mo lọ bá onígbàjámọ̀. Ó ní kí n tẹ èyí tó bá wù mí. Mo mú tàdáwà tí mo fi ń tẹ òǹtẹ̀ sórí rìsíìtì jáde, mo ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa mọ́ iwájú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé ìbò mi bàjẹ́. Onígbàjámọ̀ ké bí ẹni tí iná jó. Títí dòní, ó ní gbogbo ẹni tó bá pe òun ní fídíò ló ń gbé àtàǹpàkò mi síwájú orí. Ó tún fi agogo kan hàn mí níbẹ̀, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, màá máa gbọ́ nígbàkígbà tí ojú ìwé tuntun bá dé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ́tí sí i láti àárọ̀ dọ̀sán, mi ò gbọ́ ohunkóhun. Jọ̀ọ́, bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tún agogo yẹn ṣe.

Lẹ́yìn tí mo dìbò tán, mo rò ó pé ó yẹ kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, torí ọ̀rọ̀ dídá ọjọ́ fún oníbàárà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Ibi tó o ti ṣì í ni pé o dárúkọ ọjọ́. Ta ní ń dárúkọ ọjọ́? Ohun tí à ń sọ ni pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a kì í sọ ọ̀sẹ̀ wo. Bí wọ́n bá sì dé, má jẹ́ kí wọ́n bá ọ lọ́wọ́ òfìfo. Gbé apá aṣọ kan kọ́ síbi tí wọ́n á ti rí i, kí ọkàn wọn balẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ìwọ náà lè ya imú ẹnì kan ṣoṣo, kí o gbé e síbẹ̀. Ẹni tí inú bá ń bí jù, béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, kí o béèrè ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà, kó tó dáhùn tán, á ti gbàgbé ohun tó bá wá. Nígbà tí mo sọ ìmọ̀ràn yìí ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ṣòkòtò rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ní kò sí àní-àní pé èmi ni mo bí ọ. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ náà ń ka ìtàn yìí, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Fóònù tó o fi ránṣẹ́ sí i lọ́dún tó kọjá ló fi ń kà á, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, á fi ìka fa ojú ìwé náà gòkè, á tún fà á wálẹ̀. Ojú ìwé kẹtàdínlógójì tó o gbé jáde kẹ́yìn, níbi tí ìyàwó télọ̀ ti gbé báàgì dání tó sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń wò ó. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ń wá sísọ́ọ̀sì mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ni mo bá bá báàgì ìyá rẹ níbẹ̀. Ó ti dì í. Ẹ̀wù rẹ̀, awò ojú rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà létòlétò. Mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní òun ò tíì mọ̀, òun ń dúró de ojú ìwé tó kàn.

“Bí obìnrin yẹn bá ṣílẹ̀kùn,” ó ní, “èmi náà á ṣí tèmi.”

Ara mi bù máṣọ. Mi ò sọ pé èmi ni télọ̀ inú ìtàn yẹn o. Ṣùgbọ́n mo rántí pé o ya aṣọ aláwọ̀ ewé kan sórí ìṣó lẹ́yìn máṣíìnì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo gbójú sókè ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo rí i. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni ìyá rẹ kó o fún mi pé kí n fi rán ẹ̀wù fún òun. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí mi ò ránṣọ fún, kódà mo ti rán aṣọ fún àga. Tirẹ̀ ni mo ń tì sẹ́yìn, torí mo mọ̀ pé kò ní pariwo. Báwo lo ṣe wà níbi tó jìnnà tó yẹn tó o fi rí i, tí èmi tí mo jókòó sábẹ́ ẹ̀ ò rí i?

Nítorí náà, mo ti yí ìbò mi padà. Mo bẹ onígbàjámọ̀ kó bá mi nu àtàǹpàkò àkọ́kọ́ kúrò, ó yára ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ìgbàkígbà tó bá ti ṣetán yẹn ni kó o mú, má sì jẹ́ kó tètè ṣetán. Sọ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹn pé kò síná ládùúgbò rẹ, èmi náà á jẹ́rìí sí i. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì ya ojú ìwé kejìdínlógójì.

Mo ti mú aṣọ náà kúrò lórí ìṣó. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi, mo rí ti ìyá rẹ tí mo kọ nígbà yẹn, mo fẹ́ máa gé e lọ, àmọ́ ọkàn mi ní kí n tún un wọ̀n. Ó dìde dúró. Mo fi téépù yí ìbàdí rẹ̀ ká, téépù ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Íǹṣì mẹ́fà ló fi dín sí ti inú ìwé. Inú ilé kan náà là ń gbé, mi ò mọ ìgbà tó rù. Mo tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kó má bàa rí ojú mi. Ojú tì mí, ọmọ mi, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún síìpù, torí dúdú ló wà lọ́wọ́ mi, kò sì bá aṣọ náà mu. Má fi gba ọ̀nà báńkì o. Akọ̀wé wọn ní kí n lọ mú ẹ̀rí wá pé mo wà láàyè, èmi tí mo dúró níwájú rẹ̀ tí mò ń húkọ́. Fi rán awakọ̀. Bí o bá fẹ́ fi dátà kún un fún ìyá rẹ, di ìyẹn sínú àpòòwé ọ̀tọ̀ kó má dà sílẹ̀ lọ́nà. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, á máa pa ayé lẹ́rìn-ín, kò sì ní jẹ́ pé àwa nìkan ni wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín. Wàá dàgbà, wàá dogbó, a ò ní gbọ́ ibi nípa rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ.

Mo fẹ́ lẹ àpòòwé pa báyìí ni ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n fi kún un pé kí o má tìtorí òun da ètò rẹ rú. Ó ní òun náà ti dìbò lórí fóònù òun, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lòun mú, kí o sì bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí.