Ọwọ́ Télọ̀ Nínú Táyà Mi

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Ọrùn tó máa ń dùn ọ́ tí o bá jókòó pẹ́ nídìí máṣíìnì ńkọ́? Ara tèmi le, ti Màmá náà le, ìwọ gan-an ni mo sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tí o gbé ṣòkòtò mi wá, o bá mi níbi tí mo ti ń fọ mọ́tò asáré mi. Mo ń fọ́nnu. Mo ní kí o wo bí ó ṣe sún mọ́lẹ̀, bí táyà rẹ̀ ṣe ń dán. Mo ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo máa fi gbé Màmá lọ wo ọmọ tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi bí, pé ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń fi wákàtí mẹ́ta rìn, wákàtí kan ààbọ̀ ni tèmi. Bí o ṣe máa ń yí gbogbo aṣọ sódì kí o tó gbà pé ó dára, bẹ́ẹ̀ lo kúnlẹ̀, o ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú, níbi tí ojú kì í dé. Nígbà tí o fa ọwọ́ yọ, ẹ̀jẹ̀ wà ní ìka rẹ. O ní òwú ti yọ nínú aṣọ yìí. Mo fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. O wá ní kí n fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kí o fi gbọ́ rédíò díẹ̀. Kí n tó ṣan ọṣẹ ọwọ́ mi tán, ìwọ àti kọ́kọ́rọ́ ti lọ.

Inú bí mi. Mo pè ọ́ lórí fóònù, mo ní kí télọ̀ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́, mo tún pè ọ́ ní olè. O kàn ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń ṣe aláímẹ́ǹtì, ẹni tó ń to ẹsẹ̀ mọ́tò kó lè dúró gún, pé yóò yọ sí mi láàárọ̀.

Ó dé lóòótọ́. Màmá ti wọ bàtà, báàgì ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá fi jáàkì gbé mọ́tò, ó tú táyà, ó sì yí i sí mi. Ojú ìta tí mo ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé ṣì ní gbogbo ilà rẹ̀. Ti inú ti jẹ débi pé wáyà yọ síta. Ó ní ìgbà tí mo ní kí wọ́n mú mọ́tò walẹ̀ kó lè wuyì, tí n kò tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò lẹ́yìn náà, ni táyà ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rìn, bí bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan. Ó bi mí bóyá sítíárìn kì í fà sí òsì. Ó ń fà, ó ti pẹ́. Mo rò pé bí mọ́tò alágbára ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní pẹ̀lú eré tí mo fẹ́ sá, táyà ìbá bẹ́ kí a tó dé afárá tó wà lójú ọ̀nà náà. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù bà mí, Abẹ́rẹ́, irú èyí tí kò bà mí rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀gá tó parí ẹ̀. Ó wọ táyà tuntun sí i, ó so iná ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń dè é, títí nọ́ńbà pupa ojú ẹ̀rọ fi di àwọ̀ ewé. Lánàá mo gbé Màmá lọ, jẹ́ẹ́jẹ́, wákàtí mẹ́ta gbáko. Mọ́tò ń lọ tààrà, Màmá sùn lọ. Nígbà tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó bi mí ní orúkọ rẹ. Mo ní Abẹ́rẹ́. Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́ ni òun ń béèrè, kí òun lè fi gbàdúrà fún ọ.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ìbejì. Jọ̀ọ́, dárí olè tí mo pè ọ́ jì mí. Wo ìsàlẹ̀ àpòòwé yìí dáadáa, kọ́kọ́rọ́ kejì mọ́tò náà wà níbẹ̀. Fi í sínú àpótí abẹ́rẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí o bá tún rí i pé eré ń gùn mí, wá gbé mọ́tò lọ. Má wulẹ̀ tọrọ rédíò.

                                        Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o jí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀,
                                        Sáré-sáré.