Owó Orí Oníbúrẹ́dì àti Afárá Wa

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì fi kú ìrọ̀lẹ́ kún un, nítorí n kò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dé ọwọ́ rẹ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé ọ̀gá rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ. Àwa náà wà, kò sí ìṣòro, ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ nìkan ló ń dùn ún, ó sì ní kí n má sọ fún ọ, nítorí náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá ló mú mi kọ̀wé. Rédíò sọ pé ọrọ̀ ajé ti dákú, pé ìjọba ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi jí i. Àánú ṣe mí púpọ̀. Mo bi ìyá rẹ pé ọsibítù wo ni wọ́n gbé e lọ. Ó ní kí n yéé ṣe bí ọmọdé, pé ọrọ̀ ajé kì í ṣe ènìyàn, pé ọrọ̀ ajé tó dákú náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé aṣọ wá fún òun rán mọ́, tí èmi náà kò sì rí tábìlì kan ṣoṣo kàn láti ìgbà òjò. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé èmi àti ọrọ̀ ajé la jọ dákú.

Nígbà tó yá, ọ̀gbẹ́ni kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó pe gbogbo wa jọ sí yàrá ńlá ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè dín owó orí kù, kí owó lè ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòwò, kí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́. Tàbí kẹ̀, kí ìjọba fúnra wọn náwó, kí wọ́n tún afárá wa tó wó ṣe, kí àwọn tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí nǹkan mú lọ sílé. Ó ní àwa ni kí a sọ èyí tí a fẹ́. Mo nawọ́, mo ní lórí ọ̀rọ̀ owó orí, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn orí oníkálukú wò, torí orí tèmi kò tóbi, kò sì yẹ kí èmi àti alágbẹ̀dẹ máa san iye kan náà, ẹni tí kò sí fìlà tó gba orí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo tún béèrè pé ìnáwó tí ìjọba fẹ́ ṣe yìí, ṣé ìgbéyàwó ni àbí ìsìnkú, kí a lè mọ aṣọ tí a máa wọ̀. Ìyá rẹ fà mí láṣọ pé kí n jókòó.

Ibẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì ti dìde, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ẹni tó máa ń gbé ọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní owó orí ló ń pa òun, pé bí wọ́n bá dín in kù, òun á ra ààrò tuntun, òun á gba ènìyàn síṣẹ́. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ó wá ní ta ló tilẹ̀ ń jẹ owó náà, bí kì í bá ṣe àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ní ìlú ńlá, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ bébà, pé kí wọ́n lé gbogbo wọn lọ.

Ọmọ mi, òǹtẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ. Ìwọ lo sọ fún wa pé ọwọ́ rẹ ló wà, kò sì sí ẹni tí n kò tíì sọ ọ́ fún. Ara mi gbóná. Mo dìde, mo ní ọmọ mi ló ń bú yẹn, pé nínú owó oṣù ọmọ mi náà ni mo ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Mo bá jáde. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń gba iwájú ilé wa kọjá, ńṣe ni mo máa ń kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń wọn pákó.

Owó orí ni wọ́n kọ́kọ́ dín kù. Oníbúrẹ́dì ra ààrò, ó gba obìnrin méjì síṣẹ́, búrẹ́dì sì kún ilé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rà á? Ọwọ́ gbogbo wa gbẹ. Búrẹ́dì ń bu lórí pẹpẹ. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ mo rí i létí odò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ju búrẹ́dì sí àwọn pẹ́pẹ́yẹ, kò tilẹ̀ wò wọ́n. N kò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó fẹ́ tún afárá ṣe dé. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, èmi ni mò ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Ìyá rẹ ní mo tún ń súfèé. Àwọn bíríkìlà máa ń jẹun gan-an, kó tó di ọ̀sán búrẹ́dì ti tán nínú agbọ̀n, Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló wá ń gbé e wá. Á ní kí bíríkìlà bi mí bóyá mo fẹ́ búrẹ́dì, èmi á ní kí bíríkìlà sọ fún un pé ebi kò pa mí. Irọ́ ni o, ebi ń pa mí.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, àfi bí ọ̀gá wọn ṣe dé lọ́jọ́ kan tó ní kí a dúró, pé owó ti tán nílé ìjọba, torí owó orí tó ń wọlé kò tó ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n di irinṣẹ́ wọn. Àwọn òpó afárá dúró sínú odò, kò sí nǹkan lórí wọn. Oníbúrẹ́dì bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n tó kún. Ó wò wá, ó wo odò, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín búrẹ́dì kiri, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tó kàn mí, bíríkìlà ti lọ, kò sí ẹni tó máa bá wa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀. Ó ní kí n má bínú, pé òun ti gbàgbé pé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì yẹn ní bàbá. Búrẹ́dì ti kún ẹnu mi. Mo sún, ó jókòó.

A ti wá pinnu báyìí. Pákó tí mo kó pamọ́ fún tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, a máa tẹ́ ẹ sórí àwọn òpó náà, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ lè máa kọjá títí ìjọba á fi padà. Oníbúrẹ́dì ní òun á mú nínú owó orí tí wọ́n dín fún òun ra pákó tó bá kù. Ìṣó ló kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi ti oògùn ẹsẹ̀ tí o kò gbọ́ nípa rẹ̀ kún un. Má fi gba ọ̀nà báńkì o. Báńkì kọ̀wé sórí fóònù mi pé àwọn yọ díẹ̀ nínú owó mi nítorí pé àwọn kọ̀wé sí mi. Mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, kí wọ́n má kọ̀wé mọ́. Wọ́n tún kọ ọ́, wọ́n tún yọ ọ́. Ó jọ pé nǹkan le fún àwọn náà, mo ti ń fi wọ́n sínú àdúrà.

N kò mọ orúkọ tí ọ̀gbẹ́ni ìjọba máa pe owó tí mò ń béèrè yìí, bóyá owó orí ni àbí ìnáwó. Owó ìṣó ni èmi ń pè é. Bí kò bá sì sí lọ́wọ́ rẹ, má febi pa ara rẹ nítorí wa.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ tó ń lu òǹtẹ̀ kò ní rọ. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ láti wálé, o kò ní dúró létí odò máa pè wá, wàá kàn rọra gba orí pákó bàbá rẹ kọjá ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.