Àwo Àlàájà Mùnírátù

Àbámẹ́ta, 6 Ẹrẹ́nà 2004
Ẹ̀pẹ́. Mo ti rí i! Àwo tánganran àtijọ́, ti ilẹ̀ Ṣáínà, àwọ̀ ewé, ó ń dán bí omi ọ̀sà. Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣa irú wọn jọ, n ò rí èyí tó tó o. Àlàájà Mùnírátù ló ni ín. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi ìwẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo ọmọ ilé wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá mi, kí olùkọ́ mi àtijọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, “Ọláwùmí, ìyàwó Bísíríyù ọmọ mi máa tó bímọ o. Má jẹ́ kó pẹ́.”

Ìṣẹ́gun, 9
Olùkọ́ mi ní àwo náà ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún.  

Ọjọ́bọ̀, 11
Mo ti ń pe àwo náà ní Àdúfẹ́. Ohun tí kì í ṣe tèmi – mo ń sọ ọ́ lórúkọ!

Àìkú, 14
Lẹ́bàá títì ní ibùdókọ̀ Benson – àwo tuntun kan, àwọ̀ òun àti Àdúfẹ́ jọ, wọ́n dọ́gba. Mo rà á. N ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Irọ́ ni. Mo mọ̀.

Ọjọ́rú, 17
Kúbúrátù, àbíkẹ́yìn Àlàájà, pè mí: ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti ń rọbí, ẹ jọ̀ọ́, àwo. Mo fi aṣọ wé èyí tuntun, ó di Ẹ̀pẹ́. Ọmọbìnrin. Àlàájà gba àwo, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “O ṣé.” Wọ́n bu omi sí i. Mo ń wo omi yẹn lára ọmọ. 

Ẹtì, 19
Olúṣèyí ọkọ mi rí Àdúfẹ́ lórí tábìlì. Ó ní ṣebí mo ti dá a padà? Mo ní Àlàájà ti fi ta mí lọ́rẹ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á bá mi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.


Ajé, 22
Kúbúrátù tún pè. Ọ̀túnla ni ìsọmọlórúkọ. “Màmá ní kẹ́ ẹ má ṣàìwá o.” Kí ni wọ́n fẹ́ sọ lójú gbogbo ayé?

Ọjọ́rú, 24
Mo dá lọ. Mo débẹ̀ kí èrò tó pé. Mo kúnlẹ̀ ní yàrá Àlàájà, mo tú aṣọ lára Àdúfẹ́. “Ẹ forí jì mí, mà. Èyí ni tiyín.”
Wọ́n ní, “Mo mọ̀ látọjọ́ tó o gbé ìyẹn wá.”
“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”
“Omi ti gbóná, ọmọ ń ké. Ṣé kí n wá máa bá ọ jà níṣojú ọmọ tuntun?”
Wọ́n gbé àwo tuntun tèmi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n jáde lọ pàdé àwọn àlejò. Wọn ò lé mi. Wọn ò sì ní kí n jókòó.
Orí ìdúró ni mo ti gbọ́ orúkọ ọmọ.