Àwo Tí Mo Fa Ìlà Sí

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: oúnjẹ àná lórí tábìlì, bàbá yín ò fọwọ́ kàn án, ìkòkò kékeré kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti lá a mọ́ tónítóní, ẹsẹ̀ bàbá yín méjèèjì, ó wú débi pé bí mo ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè padà. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí yín. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ rin ìrìn òfo nílé ìwòsàn tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ ètò oúnjẹ aláìsàn yẹn. Lóòótọ́ mo bá yín nínú ilé ni, ẹnu ìyàwó kì í sì í gba orúkọ ọmọ tó bá nílé, ṣùgbọ́n àdúrà ìyá ni mo ń gbà fún yín.

Mo ka lẹ́tà yín, pé láti òwúrọ̀ ni ẹ ti ń ti wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn, tí ẹ ń bi aláìsàn ní ohun tó jẹ lánàá, tí ẹ sì ń gbé èyí tó jẹ kù sórí ìwọ̀n níwájú ọ̀gá yín. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ gbé e padà fún alásè ni, kó wá wo ohun tó sè. Ibi tí ẹ ti ní àwọn kan ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí wọ́n á sì máa búra fún yín, mo rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín mọ́ láàárọ̀ yìí. Ibi tí ẹ sì ti ní ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ohun tí àwọn èèyàn máa jẹ, ẹ kì í ráyè jẹ ọ̀sán, ìyẹn ò tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Àwo tí ẹ yà sínú lẹ́tà, tí ẹ pín sí ọ̀nà mẹ́ta, n kò rí irú rẹ̀ rà. Mo wá fi ọ̀dà èékánná fa ìlà sínú àwo bàbá, rúlà tí mo lò nílé ìwé ni mo fi fà á kó má baà wọ́. Ewébẹ̀ mọ ibi tirẹ̀, ìrẹsì mọ ibi tirẹ̀, ẹja ò kọjá àyè ẹ̀, iyọ̀ ò débẹ̀. Wọ́n ní fóònù ń ríran, mo sì máa ń gbé ti bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ ò bá ti sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ó tẹ́ yín lọ́rùn nìyẹn.

Nígbà tí bàbá rí ìlà, wọ́n bi mí pé ṣé ilẹ̀ ẹjọ́ ni àwo àwọn ni, pé nínú ilé tí àwọn fọwọ́ ara àwọn kọ́, ìyàwó ló wá ń pààlà oúnjẹ fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin gbọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ìkòkò kékeré gbé ọbẹ̀ oníyọ̀ wá. Wọ́n ní ebi ni mo fi ń pa àbúrò àwọn, pé ọmọdébìnrin tó fẹ́ àgbàlagbà, ilé àgbàlagbà ló ń wò. Mo bo àṣírí yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni ètò oúnjẹ yìí ti wá, torí bàbá ti ní dókítà làwọn ní kí ẹ lọ kọ́, kì í ṣe ẹni tó ń ka hóró ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá ti wá ní tó bá di Sọ́ńdè, àwọn ń bọ̀ wá gbé bàbá lọ sílé àwọn, níbi tí wọ́n á ti rí oúnjẹ gidi jẹ.

Lọ́sàn-án yìí mo jókòó ti bàbá, bí ẹ ṣe ń ṣe fún àwọn aláìsàn yín. N kò bá wọn jà nítorí ìkòkò. Mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé ìrọ̀rí, mo bu tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Wọ́n tọ́ tèmi wò, wọ́n bi mí pé láti ìgbà wo ni n kò ti jẹ iyọ̀. Mo ní láti ìgbà tí mo ti gbà á lẹ́nu wọn ni. Bàbá kọjú sí ògiri.

N kò pè yín torí wọ́n ní ohun tí èèyàn bá sọ sínú fóònù, inú rẹ̀ ló ń gbé. N kò fẹ́ kí bàbá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan kí fóònù máa ka ẹjọ́ mi fún wọn. Dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la ni mo máa fún ní lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe bàbá kó tó di Sọ́ńdè, ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ètò àwo náà. Bí wọ́n bá bínú sí yín, ọmọ ni yín, ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé kọ̀. Èmi, ẹrù mi ni wọ́n á kó síta.

Bí owó díẹ̀ bá wà, ẹ fi ránṣẹ́ kí n fi ra àwo tí ò nílà, torí mo ti fi iyanrìn fọ ọ̀dà yẹn títí, kò bọ́. Oúnjẹ tí ẹ bá yàn fún aláìsàn yóò ṣe é lóore. Bí ẹ ṣe ń wá ohun tó dáa sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, ẹnu tiyín náà kò ní gbẹ.

Èmi ni, ìyàwó bàbá yín. Agogo mọ́kànlá ti lù kí n tó dùbúlẹ̀ báyìí. Ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá ni mo tẹ́ ẹní sí láti òní lọ; ẹni tó bá fẹ́ gbé wọn lọ yóò kọ́kọ́ jí mi.